Datuk Badruzaman àti Ilé Kíláàsì A Mẹ́ta

Kò sí ẹni tó ń rìn ní Bandar Seri Murni bí Datuk Badruzaman. Àwa yòókù ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ikùn ni òun fi ń rìn. Ikùn á kọ́kọ́ yọ ní igun ilé, táì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ á wá dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ èbúté. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ní ó máa ń sáré nígbà náà, pé ó tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oyè ti dé. Láti ọjọ́ tí ààfin ti fi oyè Datuk dá a lọ́lá ni ọrùn rẹ̀ kò ti tẹ̀ mọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ní í bá a mú un nílẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ní ìlú wa, gbogbo ẹni tó bá ti ní ilé alájà tí àwọn kọ́ńpìnì ń háyà láti fi ṣe ọ́fíìsì ló ń pe ilé tirẹ̀ ní kíláàsì A. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, A ni. Ilé tí eku ti ń wọ lífìtì ṣáájú ayálégbé, A náà ni. Àwọn oníṣòwò tó ń ti òkèèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn háyà A, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kó ẹrù dé, àgbàlagbà C ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ bá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan lọ, kí ó wo wáyà rẹ̀, páìpù omi rẹ̀, lífìtì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, àti àtẹ̀gùn tí èèyàn lè gbà sá bí iná bá sọ. Èyí tó bá pegedé, kí ó fún un ní A. Èyí tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí eegun rẹ̀ ṣì le, kí ó gba B. Èyí tó bá ti ń mì lẹ́sẹ̀, C. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti wo ilé kí ó tó sọ ilé gan-an lórúkọ.

Datuk Badruzaman ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Alága kì í dá rìn. Fauzi, akọ̀wé rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ nítorí ìkíni. Bí Datuk bá sín, Fauzi á kéde pé sínsín náà bọ́ sákòókò. Bí Datuk bá dákẹ́, Fauzi á fọwọ́ bo ẹnu, á sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún àwọn tó wà nítòsí pé, "Ẹ dákẹ́ o, wọ́n ń ronú." Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe àwárí ọ̀nà tuntun tí a fi ń dá ilé lẹ́jọ́. Ọ̀nà náà rọrùn: Datuk kì í kọjá yàrá àbáwọlé. Ó ní ojú tó mọ ọlá kì í rìn jìnnà kó tó rí i.

Ilé àkọ́kọ́ tó dá lẹ́jọ́ tí ìlú fi hó yè ni Menara Permata Sari, ilé gíga fíofío tí Tan Sri Zahari, olówó kan tí oyè tirẹ̀ ga ju Datuk lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí etí odò. Gíláàsì aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí oòrùn bá ti yọ, àwọn onímọ́tò tó ń kọjá á bo ojú wọn. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, Tan Sri Zahari tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ojú títì dé ẹnu lífìtì. Àwọn onílù kompang ń lù, àwọn ọmọge ń fọ́n òdòdó, wọ́n sì gbé ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè jáde pẹ̀lú ẹran màlúù tí wọ́n sè nínú wàrà àgbọn títí tó fi dúdú.

"Datuk," Tan Sri Zahari ní, "kí ẹ tó dé, ilé yìí kì í ṣe ilé. Òkúta lásán ni. Ojú yín tó kàn án ló sọ ọ́ dilé."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀," ni Datuk dáhùn.

"Ṣé kí a kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn ẹ̀rọ? Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ omi wà, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí."

Datuk dúró. Ó wo Tan Sri bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. "Tan Sri, bí àlejò bá wọlé yín, ṣé ìfun rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni?"

"Háà!" Fauzi ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìfun! Datuk ti sọ̀rọ̀ o! Ta ló tún máa sọ ọ́ báyìí?"

Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohunkóhun. Datuk fi ọwọ́ pa òkúta mábù tó wà lára ògiri, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ohun tó rí sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ni ó bá gun orí pèpéle.

"Ẹ̀yin ènìyàn Bandar Seri Murni! Mo ti wá. Mo ti wò. Èyí tí mo wò náà ti wò mí padà, a sì ti yé ara wa! Bí mo bá fún irú ilé yìí ní A kan ṣoṣo, ojú á ti A náà. Nítorí náà, nípa agbára tí a gbé wọ̀ mí, tó sì bá mi lára mu, mo fún un ní A. Mo tún fún un ní A. Mo sì wá fi A kan lé e lórí!"

Ìlù sọ. Ọ̀rọ̀ A mẹ́ta kò sí nínú òfin, kò sì sí ní orílẹ̀-èdè kankan tí mo gbọ́ rí, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó ṣú, Tan Sri Zahari ti kàn án mọ́ orí òrùlé, lẹ́tà ńláńlá tí iná ń tàn nínú wọn.

Òdìkejì títì, ní ọ̀kánkán Menara yìí, ni Wisma Gan wà. Ilé àtijọ́ ni, alájà mẹ́fà, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, lífìtì rẹ̀ sì máa ń kérora bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Opó kan tó ń jẹ́ Madam Gan ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Obìnrin náà sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú eyín ara rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò kéékèèké wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ wà nísàlẹ̀, àjà kejì sì ni ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìjọba ló ń rán àwọn aláìsàn náà wá.

Nígbà tí Datuk dé ibẹ̀, kò sí kápẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́dẹ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè.

"Bàbá, ta lẹ wá rí?"

Fauzi fọwọ́ di àyà mú. Datuk wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bàbá mìíràn ló ń bọ̀.

"O ò mọ̀ mí?" ni Datuk bi í.

"Ẹ má bínú. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn aláìsàn wà lókè. Madam ò fẹ́ kí ẹni tí a ò mọ̀ máa gun òkè lọ sọ́dọ̀ wọn."

Madam Gan fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó gbé àga oníke kan fún Datuk, ó ránṣẹ́ sí ilé oúnjẹ, wọ́n sì gbé tíì gbígbóná tí wọ́n fi mílíìkì pò wá fún un nínú ọ̀rá, wọ́n so ẹnu rẹ̀, wọ́n ki páìpù ìfàmu bọ̀ ọ́, bí gbogbo wa ti ń mu ún ní ìlú yìí. Datuk di ọ̀rá náà mú bí ẹni di eku mú níru. Nígbà yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn aláìsàn tí wọ́n jókòó lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Wọ́n fi báńdéèjì wé apá. Ọ̀kan ti sùn, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Irú ilé wo ni èèyàn ń sùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, Datuk," Madam Gan fèsì. "Ẹ jẹ́ ká lọ sókè. Ẹ ó rí bí mo ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí orí òrùlé, torí odò yìí ti wọlé wá kí wa rí nígbà ayé ọkọ mi. Ẹ ó rí wáyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Fèrèsé tó wà níbí, kò sí èyí tí kò ṣeé ṣí."

"Ó tó. Mo ti wo ilé yín."

"Ẹnu ọ̀nà lẹ wà o! Ẹ ò tíì wọlé!"

"Madam, kò pọn dandan kí èèyàn jẹ odidi ẹyin kó tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́." Ó gbé tíì náà fún Fauzi, ó sì yí ikùn rẹ̀ padà sí ojú títì. "C."

Bí ó bá dúró síbẹ̀, à bá ní ó ṣe é tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ràn ìró ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tí gbólóhùn ń parí sí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló gbé òfin jáde. Ó ní gbogbo ilé kíláàsì C gbọ́dọ̀ gbé pátákó pupa tó ní òfin náà lára sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí gbogbo ẹ̀ka ìjọba, àti ẹnikẹ́ni tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, kúrò nínú wọn kí ọdún tó parí. Ó ní òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ òun kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ipò rẹ̀ má baà dínkù. Ó wá fi kún un pé ẹni tó bá ti ilé C wá sí ọ́fíìsì òun, ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà wọlé, kó sì sọ̀rọ̀ kúkúrú.

Ẹ̀yìnkùlé ni Madam Gan sì gbà wọlé, òun àti ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Tíṣà Mansor, tí apá òsì rẹ̀ ti wú gúdúgúdú níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún un.

"Datuk," Madam Gan sọ, "ilé ìwòsàn yẹn ní agbára àwọn ò ká owó ilé Menara. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn á ti ilẹ̀kùn ni. Àwọn èèyàn yìí, bí ẹ̀rọ ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sẹ̀ kan péré, ìsìnkú ló kù."

"Kí wọ́n lọ sí ìlú mìíràn. Ìlú mìíràn pọ̀."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Tíṣà Mansor fi ọwọ́ dí i lẹ́nu. Ó sún mọ́ tábìlì. "Badru," ó ní, "ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò yí padà. Èmi ni Mansor. Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìṣirò."

Fauzi wú ikọ́ kíkan. Kò tíì sí ẹni tó pe Datuk ní Badru nínú ọ́fíìsì yẹn rí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ láàárín ìpàdé.

Badruzaman mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn: ó mọ̀ ọ́n kí bàbá náà tó la ẹnu. Ọkùnrin yìí ló gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní ilé ìwé, tó wà á nínú ẹrẹ̀ dé abúlé, tó sì jókòó ti ìyá rẹ̀ títí ara fi rọ̀ ọ́. Ó ya ẹnu. Bóyá ọ̀rọ̀ rere ló fẹ́ ti ibẹ̀ jáde, a ò ní mọ̀ láéláé, torí Fauzi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí pé, "Datuk, wọ́n ń dúró dè yín láti wá wọn aṣọ ayẹyẹ."

"Olùkọ́ tó kọ́ mi pọ̀," ni Badruzaman sọ, kò wo ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún àwọn èèyàn ńlá."

Tíṣà Mansor rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi," ó ní, ó sì di apá Madam Gan mú jáde.

Ayẹyẹ tí wọ́n ń wọn aṣọ fún ni ti ṣíṣí Menara. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ kó lọ síbẹ̀, sí àjà tó ga jù lọ, kí alága lè máa wo àwọn ilé tó kù láti òkè. Mínísítà ń bọ̀ láti Kuala Lumpur, olú ìlú. Oṣù Kejìlá ni, oṣù tí òjò máa ń bá ilẹ̀ wa jà, nítorí náà Fauzi lọ ra agboorùn ńlá kan, olówùú wínníwínní létí, yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú.

Datuk wò ó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ìlú wa mọ̀ pé ti ààfin ni àwọ̀ yẹ́lò. Orí Sultan nìkan ni irú agboorùn bẹ́ẹ̀ ń ṣí lé.

"Fauzi, àwọ̀ yìí ńkọ́?"

"Datuk, èyí kọ́ ni yẹ́lò. Wúrà ni."

"Wúrà ni?"

"Wúrà gidi, tó fẹ́ jọ yẹ́lò nítorí ìtìjú. Bó ti rí yín ni àwọ̀ rẹ̀ ṣí."

Datuk wọ abẹ́ rẹ̀ níwájú dígí. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹ ò rí i pé ọkàn èèyàn mọ ọ̀nà. Etí rẹ̀ ló ń gbọ́ ti ẹni tó ń pè é sínú igbó. Ó gba agboorùn náà.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, òjò tí kì í bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Mínísítà dé pẹ̀lú bàtà tí òjò ti pa. Obìnrin kúkúrú ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n gbé e gun òkè pátápátá, níbi tí àwọn àlejò ti jókòó láàárín òdòdó, àwọn oníròyìn sì gbé kámẹ́rà wọn kalẹ̀. Datuk bọ́ sórí pèpéle. Nínú ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan, ó kí Mínísítà, ó kí ọkọ Mínísítà, ó kí ìlú tí wọ́n bí Mínísítà sí, ó kí òjò. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ọlọ́lá jù lọ! Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ yìí! Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ọwọ́ mi tàn sí ìlú yìí, tí kò ní kú láé, tí..."

Iná kú.

Òkùnkùn kọ́ ni, ọ̀sán ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì aláwọ̀ wúrà sọ ojú gbogbo èèyàn di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni ibà pọ́njú ń ṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

"Datuk," ohùn Fauzi jáde, "iná náà tẹríba fún yín ni."

Iná kò gbórí sókè mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé odò ti kún bo etí rẹ̀, ó ti ya wọ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ti bá jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ omi níbi tí wọ́n jọ sùn sí. Omi kò sí ní ẹ̀rọ mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Fèrèsé kan kò ṣeé ṣí nínú gbogbo gíláàsì yẹn. Ooru mú. Àtíkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́rùn àwọn ìyàwó ọlọ́lá. Kí iná tó kú ni Tan Sri Zahari ti wọ lífìtì láti lọ wo ìsàlẹ̀, lífìtì sì ti há sí àárín àjà. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ògiri.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Èmi ni mo ni ilé!"

"Gbogbo ẹni tó bá há ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ọlọ́dẹ kan dá a lóhùn.

Àtẹ̀gùn ló kù. Wọ́n ti kó àfọ́kù òkúta mábù jọ sí ọ̀nà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mínísítà bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi í sí abíyá, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára òkúta láti àjà dé àjà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Datuk tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí obìnrin bá ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán tí kò bú ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó pè é wá tètè máa bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, omi ti dé orúnkún lójú títì. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Ilé kan ṣoṣo ni iná wà nínú rẹ̀, Wisma Gan, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn gíga rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún lókè lálàáfíà. Madam Gan ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ máa bọ̀! Ẹ fa ara yín lọ́wọ́! Aṣọ ìnura wà, tíì wà!"

Mínísítà wọlé. Àwọn ọlọ́lá wọlé. Àwọn oníròyìn wọlé, wọ́n sì gun òkè lọ sí ojú fèrèsé. Nígbà tó kan Datuk, Madam Gan na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi ka pátákó yẹn."

"Madam, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á sókè."

Datuk kà á nínú òjò. "Òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilé kíláàsì C."

"Ẹ ṣeun. Èmi kì í rú òfin ìjọba o."

Ó dúró síbẹ̀, Fauzi sì na agboorùn yẹ́lò bò ó lórí. Omi dé itan. Fauzi wo omi, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣe ìrònú kúkúrú, àkọ́kọ́ tó dá ṣe láti ọjọ́ tó ti gbaṣẹ́.

"Datuk, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò sí nínú ìgbìmọ̀ mọ́." Ó ki igi agboorùn bọ alága lọ́wọ́, ó sì fò gun àtẹ̀gùn wọlé bí ológbò.

Bẹ́ẹ̀ ni Datuk Badruzaman ṣe dá dúró láàárín omi, lábẹ́ agboorùn ọba tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé, tí gbogbo fèrèsé Wisma Gan ṣí sílẹ̀ lókè orí rẹ̀, tí kámẹ́rà ń tàn yẹ̀rì-yẹ̀rì láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fẹ́ ké, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹni tí ì bá ké pè.

Madam Gan ló rọ̀. "Ẹ wọlé jàre, kí ẹ má kú sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á tún ní ikú yín ò ju C lọ."

Ó wọlé. Wọ́n mú un gun àjà kejì, torí ibẹ̀ ló móoru. Ní ìlà gbọọrọ ni àwọn aláìsàn dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ wọn ń jáde nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí nínú ẹ̀rọ, ó ń padà sí wọn lára. Ẹ̀rọ kan kò tíì dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀. Bí iná bá kú níbí bó ti kú lọ́hùn-ún, Badruzaman rò, tí n bá ti kó wọn lọ sọ́hùn-ún... Kò rò ó dé òpin. Kò lè rò ó dé òpin.

"Badru." Tíṣà Mansor ni, lórí bẹ́ẹ̀dì. "O ti rin gbingbin. Jókòó."

Àga tó ṣófo kò ju ọ̀kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Ó jókòó. Omi ń ro tótó-tó láti ara rẹ̀ sílẹ̀. Mínísítà dúró níwájú rẹ̀, aṣọ ìnura lọ́rùn, tíì inú ọ̀rá lọ́wọ́, ó ń fà á mu.

"Datuk, kí ló dé tí ilé yìí fi jẹ́ C?"

"Ọlọ́lá jù lọ, nínú ọgbọ́n ìgbìmọ̀, lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò tó jinlẹ̀, tó sì gbòòrò..."

"Ibo lẹ dé nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó wolẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà."

"Ti ọ̀hún ńkọ́, tí ẹ fún ní A mẹ́ta?"

"Ẹnu ọ̀nà náà ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ti ọ̀hún gbòòrò."

Nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín náà ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí ẹ̀rọ dè mọ́lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́ kí abẹ́rẹ́ má baà yọ. Tíṣà Mansor nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́, ó gbé e lé èjìká ọkùnrin náà, ó sì fi í síbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Mínísítà mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ tú ìgbìmọ̀ náà ká, wọ́n sì wọ́gi lé àwọn òfin rẹ̀. Ilé ìwòsàn kò kúrò ní àjà kejì. Ní ti ààfin, wọn kò béèrè ohunkóhun nípa ilé. Ọ̀rọ̀ agboorùn ni wọ́n béèrè, wọ́n sì gba oyè wọn padà. Rédíò kéde rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ti ọjà ẹja. Fauzi sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti ń kìlọ̀ fún ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tan Sri Zahari, tí wọ́n fi irin tú sílẹ̀ nínú lífìtì, ní òun ò rántí pé òun rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí ìjọba rán wá tún Wisma Gan wò gba gbogbo àjà rẹ̀ kọjá dé orí òrùlé, wọ́n sì fún un ní B, nítorí lífìtì. Madam Gan bá wọn jà dé ojú títì pé lífìtì òun kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nílé, Khalsom, ìyàwó Badruzaman, gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, nínú ilé ìdáná. Oyè tirẹ̀, tí ìyàwó Datuk máa ń jẹ, náà bá ti ọkọ lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń retí ẹkún.

"Ó tán?" ni Khalsom bi í.

"Ó tán."

Obìnrin náà bọ́ bàtà gogoro tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìkà ni bàtà yìí. Ẹ wá jẹun."

Wọ́n gba mọ́tò ìjọba, wọ́n gba dírẹ́bà. Ní ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, Badruzaman dúró pẹ́ létí títì kó tó mọ̀ pé àfi kí èèyàn na ọwọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Ìyá arúgbó kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sún díẹ̀ fún mi."

Ó sún. Apẹ̀rẹ̀ náà jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń lọ. Àwọn ilé ọ́fíìsì ń kọjá lójú fèrèsé, ńlá àti kékeré, eléèérí àti mímọ́, òjò sì ń fọ gbogbo wọn.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" ni ìyá náà bi í, bí àwọn àgbà ti ń bi ara wọn nínú ọkọ̀.

Ó ya ẹnu, ó ń wá àwọn ọ̀rọ̀ ńlá tó máa ń sáré síta fúnra wọn tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

"Ilé ni mo máa ń yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, màmá. Kí n lè sọ èyí tó dára."

"Áà, iṣẹ́ gidi nìyẹn." Ìyá náà tún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe. "Ẹ wá rí èyí tó dára níbẹ̀?"

Bọ́ọ̀sì dúró, àwọn kan sọ̀, àwọn kan wọlé, ó tún gbéra.

"Mi ò mọ̀, màmá," ó ní. "Mi ò wọ inú ọ̀kankan."